Eku Tó Ju Ọmọ Mi Lọ Lọ́jọ́ Orí

Lórí ìlà táksí ní Braamfontein, ní gúúsù ilẹ̀ Áfíríkà, láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń ṣèwádìí eku ní yunifásítì ń bá ara wọn jiyàn níwájú mi.

"Mọ́mì, mi ò lè lọ sí Iléṣà ní Kérésì. Ta ló máa bá mi tọ́jú àwọn eku mi?"

"Eku tí kò nírun, tí ara wọn hunjọ bí ìka tó pẹ́ nínú omi!"

"Ẹ má bú wọn, wọn kì í darúgbó bí eku yòókù. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó jù mí lọ lọ́jọ́ orí."

"Ó jù ẹ́ lọ? Ṣé o ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín.

"Lọ́dún tó kọjá, eku. Lọ́dún yìí náà, eku. Màmá mi ní Iléṣà, tí wọ́n wọ bàálù wá síbí wá wẹ̀ ẹ́ nígbà tí mo bí ẹ, ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́. Eku rẹ kì í darúgbó, á dúró dè ẹ́. Màmá mi ń darúgbó lójoojúmọ́. Èwo nínú wọn ló yẹ kó o máa kánjú lọ rí?"