Àga Tí Kò Lẹ́sẹ̀ Lẹ́yìn

Nígbà tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ tèmi, tí mo lè gun kẹ̀kẹ́ láti Ìwó dé Ilé-Ogbó kí n sì padà láì mí hẹlẹhẹlẹ… ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ jókòó dáadáa. Sàídátù, ṣé fóònù rẹ ń gbọ́ mi? Ó ń gbọ́? Ó dáa. Ìtàn àga tí mo jókòó lé yìí ni mo fẹ́ sọ. Ẹ wò ó. Ẹsẹ̀ mélòó ló ní? Méjì. Iwájú ni méjèèjì wà. Ẹ̀yìn ńkọ́? Òfìfo! Irin sọ̀ kalẹ̀ níwájú, ó sùn gbalaja sórí ilẹ̀ lọ sẹ́yìn, ó tán síbẹ̀. Wọn ò tíì bí bàbá yín tí àga yìí ti ń gbé ènìyàn.

Iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ni mo kọ́. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń wí o, kì í ṣe èyí tó ń pariwo kiri ìgboro báyìí. Ọ̀gá mi ni Ọ̀gá Lásísì, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn. Wọ́n mọ irin. Wọ́n mọ̀ ọ́n jó, wọ́n mọ̀ ọ́n tẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu wọn! Áà! Bí o bá ṣàṣìṣe lónìí, wọ́n á máa fi ọ́ rẹ́rìn-ín títí di ọdún Iléyá.

Àsìkò yẹn ni mo rí Ràbíátù, ìyá yín àgbà tó jókòó sọ́hùn-ún yẹn, tó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ẹ wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ ẹ, òun náà fẹ́ mi. Bàbá rẹ̀ ni kò gbà. Ààfáà Búráímọ̀… ẹ̀yin ò bá wọn láyé. Ènìyàn ńlá ni wọ́n. Mi ò sọ ti ipò nìkan o, ara ni mo ń wí. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n máa ń fi wọ ẹnu ọ̀nà. Níbi ìsọmọlórúkọ kan, wọ́n gbé àga onígi fún wọn, àga fọ́, Ààfáà bá ara wọn nílẹ̀ láàárín èrò. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà wọn ò jókòó sórí àga mọ́. Awọ àgùntàn ni wọ́n ń jókòó lé níbikíbi tí wọ́n bá dé, orúnkún sì ń dùn wọ́n. Ènìyàn méjì ló ń fà wọ́n dìde. Kò sẹ́ni tó jẹ́ dárúkọ àga níwájú wọn.

Mo lọ tọrọ ọmọ. Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n ní, "Súlè, kẹ̀kẹ́ tí ẹlòmíràn ṣe lo ń tún ṣe. Kí ni ìwọ fúnra rẹ ti fọwọ́ ara rẹ ṣe rí?" Wọ́n ní kí n máa lọ, bí mo bá rí nǹkan náà, kí n gbé e wá.

Mò ń padà lọ sílé, ebi ń pa mí, mo ra àkàrà. Bébà tí wọ́n fi dì í, ojú ìwé ìròyìn òyìnbó kan ni. Mo jẹ àkàrà tán, mo rí àwòrán. Obìnrin òyìnbó kan jókòó sórí àga onípáìpù tó ń dán gbinrin. Epo ti rin ẹ̀yìn àga náà gbindin. Mo gbé e súnmọ́ ojú. Mo ní, háà! Àga yìí ò lẹ́sẹ̀ lẹ́yìn!

Mo gbé e fún ọ̀gá mi. Wọ́n wò ó, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Súlè, epo àkàrà ló bo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ta ní í ṣe àga ẹlẹ́sẹ̀ méjì?"

Mo ní, "Ọ̀gá, kò sí níbẹ̀."

"Ó wà níbẹ̀!"

"Kò sí níbẹ̀, Ọ̀gá."

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n sọ mí ní Súlè Alákàrà. Gbogbo àdúgbò gbà á lẹ́nu wọn. Orí mi gbóná. Mo ní màá ṣe é.

Mo tẹ páìpù àkọ́kọ́, ibi tí mo ti tẹ̀ ẹ́ bá rún, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí agolo tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo tẹ òmíràn, bákan náà. Mo tẹ ẹ̀kẹta… mo gbé e délé, mo jù ú sílẹ̀ níwájú ìyá mi. Ìyá mi ń rán tìmùtìmù, tìmùtìmù aláwọ tí àwọn ààfáà ń fara tì. Wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, "Inú rẹ̀ ló ṣófo. Tìmùtìmù tí mi ò tíì rọ òwú sí, bí mo bá ká a, ṣé kì í rún? Lọ rọ nǹkan sínú irin rẹ."

Ẹ gbọ́ o! Obìnrin tí kò dé ìdí ẹwìrì rí! Mo bu yanrìn, mo sá a títí ó fi gbẹ, mo rọ ọ́ kún inú páìpù, mo fi igi dí i lẹ́nu, mo gbé e síná. Ó pọ́n. Mo tẹ̀ ẹ́… ó tẹ̀ róbótó, kò rún rárá. Mo kígbe! Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́ títí ó fi di àga, ìyá mi náà ló rán awọ tí a fi ṣe ìjókòó rẹ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, mo gbé àga lérí, ó di agboolé Ààfáà. Èrò tẹ̀lé mi. Ọ̀gá mi náà tẹ̀lé mi, kí wọ́n lè wá wòran. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ohun tí mo fọwọ́ ara mi ṣe rèé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jókòó lé e."

Ọ̀gá mi ní, "Ààfáà, ẹ má dán an wò o! Ẹsẹ̀ tó kù ń bẹ lábẹ́ epo àkàrà!" Èrò bú sẹ́rìn-ín. Ààfáà wo àga, wọ́n wò mí. Bí irin yìí bá fi lè já, tí wọ́n bá tún ṣubú láàárín èrò, Ràbíátù ti lọ nìyẹn. Ojú wo ni màá tún fi gbé Ìwó?

Wọ́n jókòó.

Irin náà tẹ̀ lọ sẹ́yìn díẹ̀… èrò pariwo, "Yéè!"… ó sì gbé wọn padà. Jẹ́jẹ́. Ààfáà gbá apá àga mú. Wọ́n rọra fì í, ó tún gbé wọn padà. Wọ́n fì í lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ lẹ́nu wọn mọ́ láti ìgbà ìsọmọlórúkọ yẹn. "Alláhù Akbar! Ó ń mì, kò sì ṣubú!" Wọ́n jókòó títí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dìde, àga ló tì wọ́n lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó fà wọ́n! Wọ́n dúró, wọ́n ní, "Ràbíátù, jáde wá, wá kí ọkọ rẹ." Ayọ̀ yẹn… mo ṣì ń yọ̀ ọ́ títí dòní.

Ìgbà tó yá, láti Olúpọ̀nnà ni wọ́n ti ń wá àga Súlè. Ọ̀gá mi fúnra wọn ń bá mi tẹ páìpù. Àmọ́ títí wọ́n fi kú, bí a bá jọ jókòó, wọ́n á ní, "Àga rẹ dáa o, Súlè, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wà nínú àwòrán yẹn." Èmi á ní kò sí. Lónìí, àga rọ́bà ló gba gbogbo ìlú, tí oòrùn bá pa á díẹ̀, ó ti là. Ta ló ń jiyàn lórí àga mọ́?

Bébà yẹn wà nínú àpótí mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Sàídátù yìí yà á sínú fóònù, ó wá a lọ wá a bọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, mo ti rí àwòrán yẹn, èyí tí epo ò kàn." Mo wò ó. Ẹsẹ̀ wà lẹ́yìn! Méjì gbáko.

Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ wo òmíràn." Ó fi àga mìíràn hàn mí, tí kò lẹ́sẹ̀ lẹ́yìn, bí tèmi gẹ́lẹ́. Ó ní àwọn òyìnbó kan ti ṣe é kó tó di pé wọ́n bí mi, àti pé ó wà lára àwọn àga tó yí àga ṣíṣe padà káàkiri ayé. Ó ní, "Ṣé ẹ rí èyí rí?"

Mi ò rí i rí! Ṣé ó yé yín? Èyí tí mo rí, ó lẹ́sẹ̀ lẹ́yìn. Èyí tí kò lẹ́sẹ̀, èmi ni mo rò ó, ọwọ́ mi ló ṣe é, níhìn-ín, ní Ìwó! Mo rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí mi. Ọ̀gá Lásísì, ẹ sinmi o. Ẹ̀yin lẹ jàre àwòrán. Èmi ni mo jàre àga.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa wo fóònù yín, mi ò ní kí ẹ má wò ó. Ṣùgbọ́n ibi tí epo bá bo àwòrán, ẹ fọwọ́ ara yín parí rẹ̀. Ó yá, ó tó. Sàídátù, wá fà mí dìde… rárá, fi mí sílẹ̀. Ẹ máa wò ó. Àga ló máa gbé mi dìde.