Àkèré Tí Mo Gbé Gun Orí Àpáta

"Níbo gan-an ni mo ti rí àkèré yìí?" Olùkọ́ mi ló béèrè bẹ́ẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀. Èmi nìkan ni mo mọ ìdí tí ìdáhùn fi sọnù, mo sì dákẹ́ bí ẹni tó bu omi sẹ́nu. Lónìí, mo fẹ́ tu omi náà dànù. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń lo ìlànà ẹ̀kọ́ tí mo kọ, ẹ̀yin ni mò ń bá wí, torí ibi tí mo ti ń ṣètò rẹ̀ ni mo ti ṣebi.

Ìyá Àkèré ni gbogbo wa ń pe olùkọ́ mi yìí. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ló ti ń wọ inú àbàtà kiri, tó ń kọ ibi tó ti rí àkèré kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ikán ti jẹ àwọn ìwé tó fọwọ́ kọ. Ohun tó kù wà nínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí yunifásítì ní kí n ṣètò ẹ̀kọ́ tuntun, tí yóò kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹranko àti ewéko, ó kó gbogbo rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. "Aláàlọ́," ló wí, torí mo fẹ́ràn àlọ́ àpamọ̀ ju oúnjẹ lọ, "tọ́jú wọn fún mi o. Gbogbo ayé mi nìyẹn." Mo fẹ́ kí ẹ̀kọ́ náà dùn. Mo wá ń ba àkọsílẹ̀ náà jẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè máa wá àṣìṣe ibẹ̀ bí ẹni ń já àlọ́. Mo yí nọ́ńbà tó ń tọ́ka ibi tí a ti rí ẹranko kan padà níhìn-ín, mo gbé ẹranko inú omi lọ sórí òkè lọ́hùn-ún, mo sì ń dá rẹ́rìn-ín. Orí ẹ̀dà ló yẹ kí n ti ṣe é. Àṣé orí ojúlówó ni mo wà! Ìgbà tí mo máa mọ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Mo fi ìméfò dá àwọn nọ́ńbà kan padà, n kò sọ fẹ́nì kan. Àwọn yunifásítì mìíràn gba ẹ̀kọ́ mi, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, èmi aláìnítìjú sì tẹrí ba, mo gbà á.

Ìgbà tó yá, àwọn kan fẹ́ fi iyẹ̀pẹ̀ dí àbàtà ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ ọṣẹ, kí wọ́n kọ́ ilé síbẹ̀. Ìyá Àkèré pariwo pé ibẹ̀ nìkan ni àkèré onítan pupa ń gbé. Òjò ló máa ń mú un jáde, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sì ni, a kò lè rí i, ni ìgbìmọ̀ tó fẹ́ dá ẹjọ́ àbàtà náà bá ní kí a wo àkọsílẹ̀. Kọ̀ǹpútà tọ́ka sórí àpáta gbígbẹ. Ẹnjinníà àwọn tó fẹ́ kọ́lé bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá wa, àkèré wo ló ń gun àpáta lọ gbatẹ́gùn?" Ìyá yíjú sí mi. "Aláàlọ́, ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ ọṣẹ ni mo kọ, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?" Ẹ gbọ́ ohun tí ẹnu mi yìí sọ: "Bí ẹ ṣe kọ ọ́ náà nìyẹn, Mà. Ẹ má bínú, ara àgbà ni." Ìgbà yẹn ló wá bi gbogbo wa pé níbo gan-an ni òun ti rí i. Ó jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n dí àbàtà náà pa. Láti ọjọ́ náà, kò dá ọ̀rọ̀ kan sọ mọ́ láìkọ́kọ́ bi ọmọ rẹ̀ obìnrin pé, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi iṣẹ́ ayé ẹlòmíràn ṣeré. Mo ti lọ sílé rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀. "Mà, ẹ forí jì mí. Èmi ni mo bà á jẹ́. Orí yín pé pérépéré." Kò bú mi. Ó kàn nàka sórí tẹlifíṣọ̀n. Ìgò kan wà níbẹ̀ gbangba, àkèré kan wà nínú ọtí líle, pupa itan rẹ̀ ti ṣá, ìwé pélébé kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó fi pẹ́ńsù kọ: Àbàtà ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ ọṣẹ.

"Ojoojúmọ́ ni mò ń kà á," ló wí. "Mo rò pé èmi ni mo kọ ọ́ ṣì ni."