Oríkì Mọ́tò Ìyá Ẹlẹ́gẹ̀ẹ́

Rédíò mi ni mò ń dúró dè ní ìsọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún rédíò àti mọ́tò iná ṣe ní Kétu, nígbà tí ìyá kan láti Adakplamè sọ mọ́tò iná tó ń yí ẹ̀rọ tó fi ń rin ẹ̀gẹ́ kalẹ̀.

"Ọmọ mi, bá mi wò ó. Wọ́n ní ó ti kú, kí n tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Òun la sì fi ń jẹun nílé."

"Ẹ fara balẹ̀, Ìyá. Àwòrán onígun mẹ́rin dúdú kékeré tí fóònù máa ń kà lára rẹ̀ dà?"

"Sítíkà ìjọ wa ni mo lẹ̀ mọ́ ọn, kí Ọlọ́run lè máa ṣọ́ ọ."

"Háà! Ẹ wá fi Ọlọ́run bo ìdí ìran rẹ̀ mọ́lẹ̀!"

Ọkùnrin náà rọra ṣí sítíkà náà kúrò, ó sì na fóònù pọtábù rẹ̀ sí àwòrán yẹn.

"Kí lò ń kà níbẹ̀?"

"Oríkì rẹ̀ ni, Ìyá. Ilé iṣẹ́ tó bí i, bàbà tó wà nínú rẹ̀, ibi tí a ti lè tú u láì fọ́ ọ, àti ohun tí wọ́n á gbà padà lára rẹ̀ fi ṣe òmíràn lọ́jọ́ tó bá kú. Irin róbótó tó ń mú un yí nìkan ló ti gbó. Mo ní irú rẹ̀."

"Kò tíì kú?"

"Kò tíì kú. Màá fi àtúnṣe òní kún oríkì náà."

"Ọmọ mi, o ṣeun. O ò ní wá ẹni tó mọ oríkì tìrẹ náà tì. Jọ̀ọ́, bá mi lẹ Ọlọ́run sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí àwọn méjèèjì jọ máa ṣọ́ ọ."