Èmi Ni Mo Kọ́ Oníjìbìtì Ní Oríkì Ilé Wa

Àwọn tó wà níbẹ̀ nìyí: èmi fúnra mi, Ìyá Dáre, aládùúgbò mi, ará Ògbómọ̀ṣọ́, tí kì í jẹ́ kí eré orí tẹlifíṣọ̀n kankan kọjá òun, àti Ràmátù, ọmọ ọmọ mi, tí yóò lọ sílé ọkọ lẹ́yìn Iléyá tó ń bọ̀. Mo dárúkọ wọn kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo ń parọ́. Ẹ̀rín ń pa mí bí mo ṣe ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Oníjìbìtì kan ń rìn kiri ìlú Minna báyìí, oríkì ilé wa wà lẹ́nu rẹ̀ geerege, èmi ni mo sì fi kọ́ ọ.

Eré ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a jókòó sí pálọ̀ mi ní àdúgbò Limawa, à ń wo eré kan tí wọ́n máa ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ti ọ̀sẹ̀ yẹn dá lórí ọkùnrin kan tó ń ra ohun àtijọ́ kiri ilé àwọn arúgbó. Aṣọ funfun báláú, ẹnu dídùn, ojú olè! Ó wọlé tọ opó kan, ó dọ̀bálẹ̀, ó ń kì í. Kí obìnrin náà tó nu omijé tán, ó ti gbé àpótí onígi tí bàbá ọkọ rẹ̀ gbẹ́ lé ọkùnrin náà lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ọkùnrin náà ṣe wọ mọ́tò rẹ̀ tán, ó bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi débi pé mo dìde dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n.

"Ìwọ obìnrin yìí, ṣé orí ẹ pé? Nítorí oríkì lásán!"

"Ìyá, ẹ jókòó," Ìyá Dáre wí. "Kò gbọ́ yín, ẹ sì ti dí wa lójú."

"Wallahi, kò sí ọkùnrin tó lè fi oríkì gba nǹkan lọ́wọ́ mi."

"Kai, Kàkà!" Ràmátù ń rẹ́rìn-ín. Bó ṣe máa ń pe èmi ìyá àgbà rẹ̀ nìyẹn, bí àwọn ọmọ Hausa ṣe ń pe tiwọn.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni ọkùnrin kan ṣe sàláámù lẹ́nu ọ̀nà wa. Ó ní òun ń ra ohun àtijọ́: fìtílà, rédíò, ìlẹ̀kẹ̀, ohun yòówù. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Mo ké sí Ìyá Dáre pé kó máa bọ̀ wá wo eré, pé lọ́tẹ̀ yìí a ò nílò iná mànàmáná. A wá ń fi ọkùnrin náà ṣe yẹ̀yẹ́. Mo gbé rédíò tó ti kú fún un, ó ń yìn ín bíi pé ó ṣì ń sọ̀rọ̀. Ó bi mí pé ọmọ ibo ni mí. Mo ní Ìlọrin. Ó ní kí ni oríkì mi. Mo ní Àjọkẹ́.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Àjọkẹ́!" ló wí, ó sì fa orúkọ náà gẹ́lẹ́ bí ọkọ mi ṣe máa ń fà á láàárọ̀.

Kí ni kí n sọ fún yín? Láti ìgbà tí ọkọ mi ti jáde láyé, ta ló tún pè mí bẹ́ẹ̀? Hajiya ni mí lọ́jà, Ìyá ni mí lẹ́nu ọmọ mi, Kàkà ni mí lẹ́nu àwọn ọmọ ọmọ. Ó tún pè é. Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi wọ yàrá, èmi kọ́. Nígbà tí n óò fi mọ̀, mo ti kó lántànà ilé wa sí i lọ́wọ́, ìlẹ̀kẹ̀ pupa tí bàbá bàbá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán lórí òkúta ní Ìlọrin nígbà tí iṣẹ́ yẹn ṣì wà, èyí tí gbogbo ọmọbìnrin wa máa ń fi sọ́rùn lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń lọ sílé ọkọ.

Ìyá Dáre wúkọ́. Ó tún wúkọ́. "Ìyá! Tẹlifíṣọ̀n o!"

"Ẹ jẹ́ ó parí ná," ni mo dá a lóhùn. Ojú ò tiẹ̀ tì mí!

"Kàkà, tèmi ni o!" Ràmátù figbe ta láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ìlẹ̀kẹ̀ ti wọ àpò ọkùnrin náà.

Ká ní ó dákẹ́ níbẹ̀ ni, ì bá ti lọ. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kó dùn jù. Ó bọ́ sórí oríkì orílẹ̀, èyí tí kò bi mí, ó ní ọmọ Òpómúléró ni mí.

"Dúró," mo ní. "Ta lọmọ Òpómúléró?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá mi."

"Èmi? Ìkòyí ni mí! Ilé jagunjagun! Ìwọ wá gbé mi lọ sílé onílé?"

"Ìyá, ẹ má bínú. Ṣebí ọ̀kan náà ni gbogbo wọn."

Ọ̀kan náà kẹ̀! Mo di ẹ̀wù rẹ̀ mú. "Kó ìlẹ̀kẹ̀ yẹn jáde!" Ó kó o jáde kíá. Ó yẹ kí n jẹ́ kó máa lọ, àbí? Ìgbéraga mi ò gbà. Ṣé kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde nílé mi láìtún un ṣe? Mo ní kó jókòó sórí ẹní. Ìyá Dáre gbé àga dí ẹnu ọ̀nà. Mo bẹ̀rẹ̀ láti Ìkòyí, mo kì ilé wa títí dé orí bàbá mi, mo ní kó máa wí i tẹ̀lé mi. Ibi tó bá ti ṣì í, a óò padà sẹ́yìn.

"Ìyá, oníbàárà kan ń dúró dè mí ní Tunga," ó ń bẹ̀bẹ̀.

"Tunga ò ní sá lọ. Wí i!"

Nígbà tí yóò fi lọ, òógùn ti rin ẹ̀wù rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣì í mọ́. Ìyá Dáre rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi tú. "Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ ti kọ́ olè níṣẹ́. Gbogbo arúgbó Ìkòyí tó wà ní Bosso ti gbé!"

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Ẹ̀yin ará Ìkòyí tí ẹ wà ní Minna, bí ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ní èjí bá wọlé tọ ìyá yín, tó sì kì wọ́n láìṣì rárá, ẹ yára ti àpótí yín. Ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́ ọ. Àmọ́ ẹ máa kì wọ́n fúnra yín náà, kó má jẹ́ pé ẹnu àlejò ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn tí ọkùnrin náà lọ, Ràmátù bi mí pé, "Kàkà, kí ló wí tó burú?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ti olè lọ.

Ràmátù, ìlẹ̀kẹ̀ rẹ wà lọ́wọ́ mi, n kò sì ní so ó mọ́ ọ lọ́rùn títí ìwọ náà yóò fi mọ ilé tó ti wá. Lọ́la, tí o bá kírun àárọ̀ tán, má wá fi "ina kwana" àwọn Hausa kí mi. Kúnlẹ̀, kí o pè mí ní Àjọkẹ́.