Ẹni Tó Jókòó Sára Ògiri Wa

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó ni èémí, tó tún dá a padà fún ìyàwó mi nígbà tí èmi fúnra mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti darúgbó, n kò sì fẹ́ fi apá kankan pamọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀pọ̀ yín mọ ilé wa ní Obiagu. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi wá sí ọ́fíìsì àwọn tó ń wa èédú nílẹ̀ ni mo ti wà ní Enugu, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, tí ìwé ẹ̀rí kẹ́mísírì mi kò tíì ká létí. Láyé ìgbà náà, bí Ìyá Délé, ìyàwó mi, bá sá ṣẹ́ẹ̀tì mi funfun síta, eruku èédú á ti bà lé kọ́là rẹ̀ kí oòrùn tó gbẹ ẹ́. Á gbọ̀n ọ́n, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Bàbá Délé, owó oṣù yín ti dé o." Ọ̀dọ́ ni wá. A rò pé irin ni Ọlọ́run fi ṣe ẹ̀dọ̀fóró wa. Mo máa ń ṣàárò ìgbà náà, àti fèrè ọkọ̀ ojú irin tó máa ń dún lọ́sàn-án, tí a kò gbọ́ mọ́ láti ọdún pípẹ́.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ikọ́ mú Ìyá Délé. Ẹ mọ bí afẹ́fẹ́ àdúgbò wa ṣe rí nígbà ọyẹ́. Wọ́n ń sun pàǹtí lẹ́bàá títì, wọ́n ń fi táyà ọkọ̀ jó irun ara ewúrẹ́ lẹ́yìn ọgbà wa, jẹnẹrétọ̀ ń dún láti ojúlé dé ojúlé. Àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Bí ó bá dùbúlẹ̀, kì í lè mí dáadáa, nítorí náà, orí àga kan tó fara ti ògiri pálọ̀ ló ń wà, tó ń gbé orí lé ògiri.

Bàbá Alàgbà wá kí wa. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n ní ohun kan ń gba ojú fèrèsé wọlé sí i lára. Wọ́n ní kí a ti gbogbo fèrèsé, kí a fi aṣọ dí àlàfo wọn, kí a sì máa jó tùràrí nínú ilé láago mẹ́sàn-án, láago méjìlá àti láago mẹ́ta fún ọjọ́ mọ́kànlélógún. Mo ṣe é tọkàntọkàn. Mo ra èédú igi, mo dá iná rẹ̀ sínú ìkòkò irin, mo sì ń wọ́n tùràrí lé e. Bí tùràrí bá jó tán, n kì í pa iná náà. Mo ń fi í sílẹ̀ de àdúrà tó kàn.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ọmọńlé kan já bọ́ láti òkè àjà. Ó ti kú. Lọ́jọ́ kẹwàá, méjì já bọ́. Mo ń gbá wọn síta, n kò sọ fún un. Orí ń fọ́ àwa méjèèjì. Nígbà tó di ọjọ́ kejìlá, mo gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin lọ́sàn-án gangan, ó dún pẹ́. Mo wo ìyàwó mi. Mo ní, "Ṣé o gbọ́ ọ?"

Ó ní, "Mo gbọ́. Láti àná ló ti ń dún."

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ni mo rí ẹni náà. Mo mú Ìyá Délé lọ sí balùwẹ̀, mo padà sí pálọ̀, mo sì rí i pé ẹnì kan ṣì jókòó sórí àga rẹ̀. Orí, ọrùn, èjìká, lára ògiri, ó funfun bí aṣọ àdúrà wa, kò sì ní ojú. Mo pe Bàbá Alàgbà lórí fóònù. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, kí n fi kún tùràrí. Mo fi kún un. Bí ó ti ń rẹ ìyàwó mi sí i ni ẹni náà ń hàn sí i. Síbẹ̀ Ìyá Délé ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Á ní, "Bàbá Délé, ṣé àlejò yín ti jẹun?"

Ìyá Nkechi, ọmọ Igbo tó wà lójúlé kejì, gbé ògì wá fún wa. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó ń wúkọ́. "Papa Dele, wetin una dey roast for inside?" Mo ní àdúrà ni. Ó ní, "Okay o. Make God hear am quick before una done."

Ọjọ́ kejìdínlógún, aago mẹ́ta, mo kúnlẹ̀ níwájú àga náà. Ètè ìyàwó mi ti di àwọ̀ eérú. Mo pè é, kò dáhùn. Gbogbo àdúrà tí mo mọ̀ fò lọ lórí mi. Ohun tí mo rí sọ kò ju pé, "Olúwa, fi ojú ẹni yìí hàn mí." Mo fẹ́ dìde kí n gbé e, orúnkún àgbà kò gbà, mo bá gbá ògiri mú. Ọwọ́ mi ti làágùn, ó yọ̀. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, ìka márùn-ún funfun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹni náà. Mo wo àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ẹ̀yin ará, kò sí ẹni tó wá jókòó sára ògiri wa. Gbogbo ògiri yòókù ló ti dúdú díẹ̀díẹ̀ tí a kò fura. Ibi tí orí àti èjìká ìyàwó mi bò nìkan ló ṣẹ́kù bí a ṣe kùn ún. Èéfín iná tí èmi ń dá ló ya àwòrán rẹ̀. Ohun tó sì wà lára ògiri, òun náà ló wà nínú àyà rẹ̀.

Mo fa aṣọ kúrò lójú fèrèsé, mo ṣí ilẹ̀kùn, mo kígbe. Ìyá Nkechi àti ọkọ rẹ̀ gbé e jáde, wọ́n fi ọkọ̀ wọn gbé wa dé ọsibítù. Wọ́n fi afẹ́fẹ́ inú sílíńdà sí i nímú. Dókítà, ọmọbìnrin kan tó kéré sí ọmọ mi, bi mí bóyá igi ni a fi ń dáná. Mo ní gáàsì ni. Ó ní, báwo ni èéfín ṣe wá pọ̀ tó báyìí lára yín? Mo jẹ́wọ́. Ó rọra ṣàlàyé fún mi pé èédú tó ń jó nínú ilé tí a tì pa máa ń tú gáàsì kan jáde tí kò ní òórùn, tí ń lé èémí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, tó sì lè mú kí ènìyàn gbọ́ ohun tí kò sí. Gáàsì tí mo kọ́ nípa rẹ̀, tí mo sì fi yege ìdánwò kí wọ́n tó bí ìyá dókítà náà! Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, mo sunkún.

Bàbá Alàgbà ló ní kí n má fi ipa tiwọn pamọ́. Àwọn nìyẹn tí wọ́n jókòó níwájú yẹn. Wọ́n wá kúnlẹ̀ níbi bẹ́ẹ̀dì ìyàwó mi ní ọsibítù. Ìyá Délé ní, "Ẹ dìde, Bàbá. Ẹ̀yin àti ọkọ mi kàn fẹ́ fi mí ṣe ẹran yíyan ni." Láti ọjọ́ náà, àgbàlá ni a ti ń jó tùràrí nínú ìjọ yìí.

Ẹnì kan lè sọ pé fèrèsé ló gbà á là, kì í ṣe àdúrà. Èmi mọ̀ pé bí n kò bá kúnlẹ̀, n kò ní fọwọ́ kan ògiri láéláé.

Wọ́n ṣì ń jó táyà lẹ́yìn ọgbà wa. Dókítà sì ti sọ pé kì í ṣe gbogbo ohun tó wọ ẹ̀dọ̀fóró ló máa ń jáde. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn wọlé láàárọ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó sinmi lẹ́ẹ̀mẹta láti géètì. Ẹ bá mi fi ògo fún Ọlọ́run, ẹ bá mi yọ̀. Ẹ má kàn tíì pàtẹ́wọ́ ni. Ó fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ dúpẹ́, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ sún mọ́ iwájú, ẹ dákẹ́ díẹ̀, kí ẹ lè gbọ́ ọ.