Wáìnì Sípéènì Tí Kò Jẹ Ata

Lọ́dún 1985, a tò sórí ìlà ní ṣọ́ọ̀bù ọtí kan ní Houston, ọkùnrin kan àti ìyá rẹ̀ tó wá láti ilé wá tọ́jú ọmọ tuntun sì wà níwájú mi.

"Mọ́mì, wáìnì pupa láti Sípéènì nìyí. Wọ́n ní ẹran àgbò ló bá a mu jù."

"Ó mà dáa o! Ṣebí àgbò la fẹ́ pa níbi ìkómọ."

"Ṣùgbọ́n ata máa ń ba adùn ẹ̀ jẹ́. Ọ̀gá mi òyìnbó sì ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ata sí ẹran yẹn."

"Ọmọ-ọmọ mi àkọ́kọ́! Kí n wá se ẹran bíi tàwọn aláìsàn? Wáìnì tí kò bá lè fara da ata, kó máa padà lọ sí Sípéènì."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi.

"Mọ́mì, ọ̀gá mi mà ni."

"Ó dáa, màá yọ tiẹ̀ sọ́tọ̀ kí n tó da ata sí i."

"Ẹ ṣé, mà. Ìgò kan yìí á tó o nìyẹn."

"Kan kẹ̀? Lọ mú mẹ́ta sí i. Àwa tá a fẹ́ jẹ ata gan-an la nílò ẹ̀." Kò tiẹ̀ wẹ̀yìn. "Ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wa yẹn, Sátidé ni o. Má pẹ́ dé."