Wáyà Méjì tí Mo Tú Kúrò Lára Àpótí

Ẹ̀yin ará abúlé Runc, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ẹnu mi tó pa dé. Bí ẹ bá sin mí láìgbọ́ ọ, irọ́ ni gbogbo ohun rere tí ẹ máa wí lórí pósí mi. Èmi Fira, tí inú mi kì í bàjẹ́, tí mò ń kọrin fún màlúù bí mo bá ń fún wàrà, èmi ni mo ba iná ilé wa jẹ́ lọ́dún tí ìyálé mi Saveta kú. Gligor ọmọ rẹ̀ kọ́.

Opó méjì ni wá nínú àgbàlá kan, ìyàwó ẹ̀gbọ́n àti ìyàwó àbúrò. Wáyà ìjọba kò gun òkè dé ọ̀dọ̀ wa rí. Gligor ló gbé sólà sórí òrùlé, ó gbé bátìrì sínú abà, ó wá kan àpótí kékeré kan mọ́ ògiri láàárín wọn. Kọntírólà ló ń pè é. Ó ní, “Ìyá kékeré, alágbàtọ́ bátìrì nìyí. Bí bátìrì bá ti yó, á dá iná oòrùn dúró kó má bàa jẹ àjẹbì. Bí ilẹ̀ bá ṣú, kò ní jẹ́ kí iná sá padà lọ sórí òrùlé. Bí ó bá sì kù díẹ̀ kó tán, ojú rẹ̀ á pọ́n, á gba iná lọ́wọ́ yín. Ẹ má bá a jà.” Mo ní, “Ó jọ ìyá ọkọ mi tó máa ń ti àpótí ìyẹ̀fun pa.” A rẹ́rìn-ín títí.

Nígbà àwẹ̀ tí à ń gbà ṣáájú Kérésìmesì, yìnyín bo sólà, oòrùn kò yọ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ojú àpótí pọ́n. Rédíò dákẹ́, lásìkò tí wọ́n ń kọ orin ìbí Jésù ní gbogbo ọ̀sán. Èmi tí mo lè fi ebi sùn, n kò lè fi orin sílẹ̀. Òmùgọ̀ àgbà! Mo mú ọ̀bẹ, mo tú wáyà rédíò méjèèjì kúrò lára àpótí, mo so wọ́n mọ́ orí bátìrì gan-an. Rédíò bú sórin. Saveta yọjú: “Ìyàwó, ojú nǹkan yìí ṣì pọ́n. Ta ló wá ń kọrin?” Mo ní, “Àwọn áńgẹ́lì ni, ìyálé mi. Ẹ bá wọn gbè é.” Ó ní, “Pẹ̀lú irọ́ rẹ yìí, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ọ̀run ni wàá ti máa kọrin,” ó sì gbè é. Ọjọ́ méjì la fi kọrin. Rédíò fa bátìrì gbẹ. Bátìrì tó ṣófo, òtútù á mú omi inú rẹ̀ dì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Àárọ̀ yẹn ni àyà gbá Saveta mú. Fóònù wa, tó jẹ́ pé bátìrì yẹn ló ń fún un níná, ti kú. Oòrùn sì yọ lọ́jọ́ náà, ó mọ́ kedere! Mo gbá yìnyín kúrò lórí sólà, àmọ́ kò sí bátìrì tó máa gba iná náà mọ́. Ká ní bátìrì náà wà láàyè ni, kí omi ìkòkò tó hó, fóònù á ti jí, à bá ti pe dókítà. Mo ní kí n sáré lọ pe èèyàn ní abúlé nísàlẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú: “Má lọ, Fira. Ta ni yóò fi àbẹ́là sí mi lọ́wọ́?” Mo já ọwọ́ mi gbà. Nígbà tí èmi àtàwọn ọkùnrin fi gòkè padà, ó ti kú, òun nìkan, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó bá kú níbí láìsí àbẹ́là títàn lọ́wọ́ rẹ̀, inú òkùnkùn ló ń rìn lọ.

Èyí tó burú jù rèé. Kí Gligor tó dé, mo ti dá wáyà padà sára àpótí. Ó wo bátìrì, ó wo àpótí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ abà. “Ó ti gbẹ kí òtútù tó là á. Mi ò to nǹkan yìí dáadáa. Èmi ni mo pa ìyá mi.” Mo ní, “Ó ti ṣẹlẹ̀, ọmọ mi.” Ohun tí mo rí sọ nìyẹn. Ẹ̀yin náà sọ ọ́ lójú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì pé àlòkù ló gbé fún ìyá rẹ̀, mo sì wà níbẹ̀, mo ń ká ìborí mi. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń la igi nínú igbó onígbó, tí kò fọwọ́ kan wáyà mọ́.

Gligor, iṣẹ́ rẹ dára. Ọwọ́ mi ló bà á jẹ́, ẹnu mi ló sì ba ìwọ náà jẹ́. Mò ń gbá ilé ìyá rẹ lójoojúmọ́. Wá sílé, ọmọ mi. Ṣáà wọlé, kódà bí o kò bá kí mi. Ó tó mi.